Irun Kan Nínú Kámẹ́rà Mi

Ọ̀yọ́, Ọjọ́rú, 13 oṣù kìn-ín-ní, 1988

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn: ìlà dúdú tó wà lára gbogbo fọ́tò tí mo yà kẹ́yìn; iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rán láti Ògbómọ̀ṣọ́. Wọn ò ya fọ́tò rí. Wọ́n ní, "Wá yà mí kí eyín tó kù yìí tó tán."

Lónìí mo ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà, mo fi ìyẹ́ adìyẹ gbá inú rẹ̀. Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín: "Baba Rábíù, ṣé etí ń yún kámẹ́rà náà ni?"

Irun kan lẹ̀ mọ́ ìyẹ́ náà. Funfun ni, irun orí tèmi; òun ló ń fa ìlà dúdú náà. Alhamdulillahi! Mo ti rò pé kámẹ́rà náà ti bàjẹ́ ni.

Màá dé fìlà kí n tó ki fíìmù sí i. Sátidé, ọjọ́ kẹrìndínlógún, ni màá gbéra lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.