Èèrà Kì Í Ṣe Dókítà

Àbúrò mi àtàtà, Ọ̀gá Bàtà,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ ká yanjú gbèsè ná. Owó bàtà dúdú tí o ṣe fún mi wà lọ́wọ́ awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá. Kà á lójú rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí n máa bá ọ wí lónìí, kí o wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọ́kọ́ san owó mi ná."

Ìyẹn ti tán. Ṣé àlàáfíà ni? Mo gbàdúrà pé kí ìwé yìí bá ọ lórí ìdúró, kó má bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀. Èmi wà, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò sí lójú kan. Láti àná ni mo ti ń jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ tí mo tún ń dìde. Mo rán apá ọ̀tún ẹ̀wù kan sí òsì, mo tú u, mo tún rán an síbẹ̀ padà.

Ìwọ lo fà á. Ìyàwó rẹ wá sọ́dọ̀ mi lánàá. Ó ní o ti pa oògùn ìtọ̀ ṣúgà tì láti oṣù tó kọjá, torí pé èèrà kò wá síbi tí o máa ń tọ̀ sí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ó ní o tiẹ̀ pè é wá wò ó, o nàka sílẹ̀, o ní, "Ìyá wọn, ṣúgà ti tán lára mi o!"

Àbúrò mi, jókòó kí o tó ka èyí. Ìyàwó rẹ ló da oògùn apakòkòrò síbẹ̀. Èèrà fẹ́ máa wọ ṣọ́ọ̀bù, ló bá pa wọ́n. Nígbà tó rí i pé o ti ń jó, ẹ̀rù bà á láti sọ. Èèrà ló tán, ṣúgà kò tán.

O mọ̀ pé èmi náà ń bá àìsàn yìí gbé. Nọ́ọ̀sì tó ń gún mi níka sọ fún mi pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ṣúgà wà. Ìgbà tó bá kún àkúnya ló ń dà sínú ìtọ̀. Kí èèrà tó gbọ́, ara ti gbọ́ tipẹ́. Ó ní oògùn kì í lé e lọ, ṣe ló ń dì í mú. Mo bi í pé, "Ṣé títí ayé ni n ó máa rà á ni?" Ó ní, "Mọ́mì, oúnjẹ ńkọ́, ṣé ẹ ti rà á tán?"

Bó bá jẹ́ ti èèrà nìkan ni, ǹ bá rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ rẹ ni kò jẹ́ kí n lè jókòó. Ìyàwó rẹ ní ìṣó wà nínú bàtà rẹ láti àárọ̀ títí o fi ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀jẹ̀ rin ìbọ̀sẹ̀, o ò mọ̀. O tún wá ń fọ́nnu: "Ẹsẹ̀ mi ti le bí awọ." Ìwọ tó jẹ́ pé bí ìṣó kékeré bá yọ nínú bàtà oníbàárà, ìka rẹ á rí i! Ẹsẹ̀ yẹn kò le. Kò gbọ́ ìrora mọ́ ni. Egbò lè máa jẹrà lábẹ́ ìbọ̀sẹ̀ kí o máa kọrin lórí rẹ̀.

Mo ti ṣírò ó. Owó oògùn oṣù kan kò tó owó awọ bàtà méjì. Ẹsẹ̀ tí wọ́n bá gé, mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á. Ta ni yóò sì ra bàtà lọ́wọ́ ọ̀gá tó ń wọ ẹyọ kan?

Lọ sílé ìwòsàn lọ́la, má tíì jẹun, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò. Bi wọ́n bí wàá ṣe padà sídìí oògùn. Bọ́ ìbọ̀sẹ̀, fi ẹsẹ̀ náà hàn wọ́n kí wọ́n tó bi ọ́. Má ti ẹsẹ̀ náà bọ omi gbígbóná o; ẹsẹ̀ tí kò gbọ́ ìṣó kò ní gbọ́ iná.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹsẹ̀ méjèèjì máa gbé ọ jáde, kí méjèèjì máa gbé ọ wọlé.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, tó pọ̀n ọ́ kí ẹsẹ̀ yẹn tó mọ ilẹ̀.

Àfikún: Má bá ìyàwó rẹ jà. Ó bẹ̀ mí kí n má sọ. Èmi ni mo tú àṣírí. Má sì kọ ọ́ sí mi pé ara ti yá. Iye tí nọ́ọ̀sì bá rí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ ni kí o kọ, kí o fún awakọ̀ yìí nígbà tó bá ń padà bọ̀. Bó bá dé lọ́wọ́ òfo, èmi gan-an ni màá wọkọ̀ wá bọ́ ìbọ̀sẹ̀ yẹn lójú àwọn oníbàárà rẹ. Mò ń retí èsì lọ́jọ́ Ẹtì.