Ọmọ Tí Wọ́n Wọ̀n Kì Í Ṣe Ìwọ

Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí ni nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ní òpópónà kejì. Bàbá Jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Wọn kò mọ̀wé, wọ́n sì ti bá mi jà lẹ́ẹ̀mejì kí a tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ọ̀rọ̀ àwọn mọ́lẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí ìwé yìí dé ọwọ́ ọmọ wọn obìnrin, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì dé ilé ìwádìí, kí ọjọ́ tí dókítà dá tó pé. Ohun tí wọ́n sọ ni mo kọ.

Jẹ́jẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ọmọ wa ńkọ́, ṣé ó ń jẹun, ṣé ó ń sùn? Ara tèmi le, orúnkún nìkan ló ń bá mi ṣe awuyewuye tí mo bá fẹ́ dìde. Mo dúpẹ́ pé mo ṣì wà láyé láti dá ọ lóhùn.

Nọ́ọ̀sì ka lẹ́tà rẹ sí mi létí lẹ́ẹ̀mẹta. Mo gbọ́ pé ọmọ náà ti pé ọdún méjì àbọ̀, kò sì tíì pe ìyá. Mo gbọ́ pé dókítà bi ọ́ bóyá ìwọ náà pẹ́ kí o tó sọ̀rọ̀, o sì mú káàdì tí ìyá rẹ fi sílẹ̀ lọ sí ilé ìwádìí, níbi tí wọ́n ń kó ìwé nípa ìdàgbàsókè ọmọ àti àlàáfíà ìdílé pamọ́ sí. O ní ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà tẹ nọ́ńbà ara káàdì náà, o sì rí ara rẹ níbẹ̀: ọmọ ọdún méjì, kílò mẹ́tàlá, ó ń sáré, ó ń so ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin pọ̀. O ní o sunkún. O kọ ọ́ pé, "Bàbá, mo tètè sọ̀rọ̀. A jẹ́ pé èmi ni mo ba ọmọ mi jẹ́. Ẹ̀gbẹ́ àpò ìyẹ̀fun ni mo máa ń gbé e sí ní ilé búrẹ́dì, n kì í ráyè bá a sọ̀rọ̀."

Jẹ́jẹ́, ọmọ tí wọ́n wọ̀n kì í ṣe ìwọ.

O wà ní ọmọ ọdún méjì nígbà tí obìnrin olùwádìí kan dé àdúgbò wa, ó gbé ìwé ńlá há abíyá, ó sì gbé òṣùwọ̀n tí wọ́n ń fi kọ́ àtẹ́rígbà dání. Àwọn ilé tí wọ́n yàn ló ń wọ̀. Ó ń wọn ọmọ, ó ń béèrè ohun tí ọmọ ń jẹ, iye ọ̀rọ̀ tó mọ̀ ọ́n sọ, ẹni tó ń bá a ṣeré, àní bóyá bàbá máa ń jókòó tì í. Nígbà yẹn, o kì í sọ̀rọ̀ rárá. Ìdí lo fi ń wọ́ kiri. Tí o bá fẹ́ omi, wàá fa etí aṣọ ìyá rẹ. Àwọn aládùúgbò ló sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́. Èmi náà ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀, mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí dé egungun.

O mọ̀ pé ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Ọwọ́ àwọn tó ń ra irè oko ni mo ti mọ òṣùwọ̀n. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń bọ̀, bàbá mi á to àgbàdo tó tóbi sókè apẹ̀rẹ̀, á ti kékeré mọ́ ìsàlẹ̀. Á ní, "Tó o bá ti rí òṣùwọ̀n, èyí tó dáa ni kó o gbé síwájú." Bí mo ṣe rí òṣùwọ̀n lẹ́nu ọ̀nà mi, ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ ni mo ṣe.

Mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé àbúrò mi obìnrin, tí ilé tiẹ̀ kò sí lára èyí tí wọ́n yàn. Mo gbé Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ, mo gbé e wá. Mo ní kí ìyá rẹ gbé ọ wọ yàrá. Ó ní, "Bàbá Jẹ́jẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ìwé ni wọ́n ń kọ o." Mo ní, "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n fi ọmọ rẹ ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìwé ni?" Wọ́n gbé Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ kọ́ òṣùwọ̀n, ó ń pariwo, "Ẹ gbé mi sókè sí i!" Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fún wa ní káàdì tó ní nọ́ńbà, ó ní, "Bàbá, ọmọ yín ń ṣe dáadáa o." Mo wú bí ẹni tó ta gbogbo irè oko rẹ̀ tán. Mo sì ń gbọ́ ọ nínú yàrá, tí o ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀kùn.

Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n rán olùkọ́ kan sí àwọn ilé tí ọmọ wọn pẹ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń wá. Ilẹ̀ ló ń jókòó sí bá wọn ṣeré, ó sì ń kọ́ àwọn òbí bí wọ́n ṣe máa bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọmọ birikìlà tó wà ní òdìkejì wà lára wọn. Kò pé ọdún kan tó fi ń bú gbogbo àdúgbò. Olùkọ́ náà á gba iwájú ilé wa, á kí mi, èmi náà á kí i. Kì í yà. Kí ló fẹ́ yà ṣe? Ìwé ọwọ́ rẹ̀ ní ọmọ tiwa ń ṣe dáadáa. Ìyá rẹ á dúró lójú fèrèsé, á máa wò ó lọ.

O ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́rin kí o tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n ń nà ọ́ nílé ìwé pé ẹnu rẹ lọ́ra, mo gbè sẹ́yìn wọn, mo ní olórí kunkun ni ọ́. Orí kunkun tèmi ni wọ́n ń nà lára rẹ.

Má bínú sí ìyá rẹ. Èmi ni mo ní kó má sọ. Nígbà kan mo bi í pé kí ló ń fi káàdì yẹn ṣe nínú àpótí. Ó ní, "Mò ń bá yín tọ́jú ẹ̀ ni." Ó tọ́jú rẹ̀ títí ó fi kú, n kò béèrè é mọ́.

Nítorí náà, sọ fún dókítà pé o pẹ́ sọ̀rọ̀, o sì pẹ́ rìn. Nọ́ọ̀sì ní kí n má sọ pé ohun tó ṣe ọ́ náà ló ń ṣe ọmọ, dókítà ni yóò wò ó. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kí ó má fi irọ́ mi wo ọmọ náà, kí ìwọ náà má sì ru ẹ̀bi mi kún ìyẹ̀fun tí ò ń rù. Kí àwọn ará ilé ìwádìí yọ mí kúrò nínú ìwé wọn. O ní inú ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá ìmọ̀ràn fún àwọn ìyá. Mo wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí bí òkúta nínú ẹ̀wà.

N kò ní tọrọ àforíjì nínú lẹ́tà tí ẹlòmíì bá mi kọ. Mò ń bọ̀ fúnra mi. Màá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ìyẹ̀fun yẹn, màá sì máa bá ọmọ náà sọ̀rọ̀, bí orúnkún fẹ́, bí orúnkún kọ̀.

Kí ohùn ọmọ rẹ gba ilé búrẹ́dì kan. Kí ó pè ọ́ títí tí wàá fi ní kó jẹ́ kí etí rẹ sinmi. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o ní ohun tí wàá fi pamọ́ fún un dọjọ́ ogbó.

Èmi ni bàbá rẹ, tó bí ọ, tó sì fi ọ́ pamọ́.

Àfikún: Mo ti sọ fún Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Bàbá, pẹ̀lú bí mo ṣe tóbi tó yìí, ṣé kílò Jẹ́jẹ́ ló wà lára mi ni?" Lẹ́yìn náà ló nu ojú, ó ní òun máa bá mi tẹ ìka sí ìwé náà. Dókítà lè béèrè ọ̀rọ̀ tí o kọ́kọ́ sọ. Mo rántí rẹ̀. Ẹnu ilẹ̀kùn yàrá yẹn lo dúró sí, o ní, "Ṣí i."

Àmì àtàǹpàkò Bàbá Jẹ́jẹ́.
Ẹlẹ́rìí kìíní: Birikìlà, òdìkejì ilé.
Ẹlẹ́rìí kejì: Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́, ọmọ àbúrò rẹ̀, ẹni tí wọ́n wọ̀n.