Ìbọ̀sẹ̀ Tí Ìyàwó Tòhíbù Ń Fà

Àtàláátà, 7 Oṣù Kẹwàá
Wọ́n dá mi sílẹ̀ ní ọsibítù lánàá. Ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú iṣan ẹsẹ̀ òsì mi nínú bàálù tí mo fi wá wo ọmọ tí Tòhíbù ọmọ mi bí ní Sharjah, ìlú Lárúbáwá. Oògùn lílò, ìbọ̀sẹ̀ wíwọ̀. Ìbọ̀sẹ̀ náà fún bí ìgbàjá, ó pọ́n bí awọ òyìnbó. Òyìnbó ni mo ń pè é. Dókítà ní kí n máa wọ̀ ọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, kí ẹsẹ̀ má baà wú títí kó wá di egbò. Bí wíwú ẹsẹ̀ náà bá ti wálẹ̀ nígbà tí mo bá padà lọ rí i, mo lè máa lọ sílé.
Ṣágámù. Ilé mi. Níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í pàṣẹ fún mi.

Àlàmísì, 9
Azeezat, ìyàwó Tòhíbù, ló ń fà á wọ̀ fún mi kó tó lọ ṣọ́ọ̀bù onídìrí ní Rolla. Á kúnlẹ̀, á wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó fi ń fọ abọ́. "Ẹ má ta ẹsẹ̀, Mà. Ẹ na ọmọ ìka." Bí ẹni ń dirun fún ọmọ iléèwé. Nọ́ọ̀sì Onídìrí. Àwọn tó háyà apá kejì yàrá ń gbọ́ gbogbo ẹ̀ lẹ́yìn kọ́tìnì.

Jímọ̀, 10
Mo bọ́ Òyìnbó láti ṣe àlùwàlá. Kò wọlé mọ́. Mo fà á títí ó fi sú mi. Mo ká a jọ sí ọrùn ẹsẹ̀, mo fi ìró bò ó. Kí n pe Azeezat níbi iṣẹ́? Láéláé.

Sọ́ńdè, 12
Bákan náà.

Jímọ̀, 17
Dókítà tẹ ojúgun mi. Ibi tó tẹ̀ jìn wọnú, kò dìde. Kò sí bàálù. Nínú bọ́ọ̀sì Sharjah mo sọ fún Azeezat pé ìbọ̀sẹ̀ ayédèrú ló rà. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Mà." Bó ṣe sọ ọ́ dùn mí ju èébú lọ.

Àtìní, 20
Azeezat yọ sí mi lọ́sàn-án. Orí ẹní ìrun ló bá mi, ìró ti ká sókè, Òyìnbó wà lọ́rùn ẹsẹ̀, ó ti gé mi lára bí okùn. Ó dúró kí n sálámà tán.
"Mà, ẹ ń fokùn so ẹsẹ̀ yín, ẹ wá ní ayédèrú ni mo rà."
Mo ní àlùwàlá ńkọ́? Ó ní bí mo bá ti ṣe àlùwàlá láàárọ̀ kí n tó wọ̀ ọ́, kí n má bọ́ ọ mọ́, kí n kàn máa fi ọwọ́ tó tutù fún omi pa ìbọ̀sẹ̀ náà lórí. Èmi, ìyàwó Alfa Làmídì! Onídìrí ló fẹ́ kọ́ mi ní àlùwàlá. Mo bi í ta ló kọ́ òun lẹ́sìn. Ó ní, "Ẹ bínú tán, Mà, kí n fà á."
Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn kọ́tìnì.

Jímọ̀, 24
Mọ́ṣáláṣí Rolla, ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin. Ìyá àgbà kan, ó jọ ará Sudan, fi ọwọ́ tútù pa orí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ó kọjá lọ kírun. Mo wò ó títí ó fi ní "yalla, hajja," pé kí n máa bọ̀ ká kírun.
Inú ń bí mi. Òótọ́ ni Azeezat sọ.

Sátidé, 25
Mo fi ọwọ́ tútù pa Òyìnbó lórí. Mi ò sọ fún Azeezat.

Jímọ̀, 14 Oṣù Kọkànlá
Ẹsẹ̀ ti wálẹ̀. Dókítà ní kí n máa lọ, ṣùgbọ́n kí n má bọ́ Òyìnbó lọ́sàn-án, ó lè tó ọdún méjì. Tòhíbù ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ti di ẹrù. Mo borí wọn.

Àtàláátà, 18
Ọ̀la ni bàálù. Mo jí ṣáájú Azeezat, mo wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà rẹ̀, mo fa Òyìnbó. Gìgísẹ̀ ló dúró sí. Mo tún fà. Òógùn bò mí. Ta ló wà nílé ní Ṣágámù? Èmi àti adìẹ.
Azeezat jí, ó kúnlẹ̀. Mo ní kó dìde. Ó jókòó sórí àpótí mi, ó ń wò mí. Ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ yí inú ẹ̀ síta dé gìgísẹ̀, Mà."
Mo yí i. Ó kọjá gìgísẹ̀. Ó há sí ojúgun.
Mo ti ní kí Tòhíbù sún tíkẹ́ẹ̀tì síwájú. Mo ní ọmọ ń wúkọ́. Ọmọ ò wúkọ́. Azeezat mọ̀. Ó gbé ìbọ̀wọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí mi, ó lọ ra òmíràn fún abọ́.
Ọjọ́ tí mo bá fà á dé orúnkún láìpe ẹnikẹ́ni ni n ó lọ. Kó má rò pé mo fẹ́ràn òun.