Ìdáhùn Tí Mo Bá Ìyá Rẹ Fún Dọ́kítà

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ púpọ̀púpọ̀. Ara ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kí o sì kà á dópin kí o tó bínú sí mi.

Mo sọ fún ọ lórí fóònù pé ìyá rẹ kàn yọ̀ ṣubú níbi iṣẹ́ ni. Irọ́ ni mo pa. Irọ́ mìíràn ló sì bí i, òun gan-an ni mo fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀.

Ní bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ìyá rẹ sọ fún èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé àyà òun ń ṣe bí ọmọ tó ń sáré lórí àtẹ̀gùn: yóò sáré, yóò kọsẹ̀, yóò dúró, yóò tún sáré. Mo fi ṣe àwàdà. Mo ní, "Aṣọ tí o ń lọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ ni, ọkàn rẹ náà ń bẹ̀ ọ́ kí o sinmi." Ìgbà tó dákú sídìí tábìlì áyọ́ọ̀nù ni mo tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ta ni mo bá níbẹ̀? Ọmọ tí mo kọ́ ní ìṣirò, tó ti di dọ́kítà. Ó fò dìde, ó ní, "Tíṣà wa!" Gbogbo nọ́ọ̀sì yíjú sí wa. Orí mi wú. Ó fi ẹ̀rọ wo àyà ìyá rẹ, ó ní ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège, pé ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú rẹ̀ kó sì gun orí lọ. Lẹ́yìn náà ló bèèrè pé, "Màmá, ìwé mélòó lẹ kà?" Kí ìyá rẹ tó la ẹnu, mo ti dáhùn: "Ó parí girama."

O mọ̀ pé ìwé kẹta ni ìyá rẹ ti dúró. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé torí mi ni. Nígbà tí bàbá wa kú, ẹnì kan ní láti ran ìyá wa lọ́wọ́ nídìí aṣọ fífọ̀, wọ́n sì ní kí èmi ọkùnrin máa lọ síléèwé. Ìwé tó yẹ kí àwa méjèèjì kà, èmi nìkan ni mo kà á. Mo jẹ ẹran tán, mo wá ń tijú eegun.

Nítorí ìdáhùn mi, dọ́kítà fún un ní oògùn àti ìwé ìlò rẹ̀ kan tí wọ́n fi èdè òyìnbó tẹ̀, ó ní kó máa tẹ̀ lé e. Ìyá rẹ mi orí. Èmi ń kánjú lọ sí ìpàdé, n kò kà á fún un. Oògùn tó yẹ kó máa lò lójoojúmọ́, ìgbà tí àyà rẹ̀ bá ń já nìkan ló ń lò ó. Bí ara bá ti balẹ̀, yóò gbé e pamọ́ kó má baà tán.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, áyọ́ọ̀nù já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ wọ́ sápá kan. Rọpárọsẹ̀ ni.

Dọ́kítà ka oògùn tó ṣẹ́kù, ó wò mí. "Sà, ṣebí ẹ ní wọ́n parí girama?" Níwájú àwọn nọ́ọ̀sì kan náà ni mo ti jẹ́wọ́, bí ẹni tí aṣọ bọ́ lára rẹ̀ lójú ọjà. Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó ní, "Àwọn tó ń ṣèwádìí rí i pé àìsàn ọkàn yìí wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí kò kàwé púpọ̀. Kì í ṣe pé ìwé ń wo ọkàn sàn, sà. Iṣẹ́ àṣekára, ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò, kí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó wá, ìwé oògùn tí wọn kò lè kà, gbogbo wọn ló ń jọ rìn. Kí n lè mọ bí màá ṣe ṣàlàyé ni mo ṣe bèèrè."

Ìyá rẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ojú ń tì mí láti ní kí ẹ kà á fún mi. Ẹ̀yin náà, ojú ń tì yín nítorí mi. Ta ló wá kù tí ì bá sọ òótọ́?" Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sunkún.

Ó ti ń rìn báyìí. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣì wúwo, dọ́kítà kò sì ṣèlérí pé yóò tún gbé áyọ́ọ̀nù mọ́. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ń jókòó sí ilé ìwòsàn náà, mo ń ka ìwé oògùn fún ẹni tó bá fẹ́. Mo mọ̀ pé ìyẹn kò lè wo ọwọ́ ìyá rẹ sàn.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìtìjú rán ọ níṣẹ́ tí yóò pa ará ilé rẹ lára. Kí ọkàn rẹ máa lù dọ́gba títí dọjọ́ ogbó. Bí o bá fẹ́ bínú, èmi ni kí o bínú sí, má bínú sí i.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, tó ṣẹ ẹ̀yin méjèèjì,
Tíṣà

Àfikún: Mo ka lẹ́tà yìí sí ìyá rẹ létí kí n tó lẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti purọ́ fún dọ́kítà, mo fò ó. Ó tẹjú mọ́ mi, ó ní, "Ojú yín fo ìlà kan. Ẹ padà." Mo padà.