Ìlú Inú Bàsíà

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún

Wọ́n gbé ọmọ-ọmọ wa dé láàárọ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún, báàgì méjì, ojú kíkorò. Dókítà ní kí ìyá rẹ̀, ọmọ wa obìnrin, máa sùn ní ọsibítù títí yóò fi bímọ. Adájọ́ ni mò ń pe ọmọ yìí, nítorí kò sí ohun tí kì í dá lẹ́jọ́. Ó wo bẹ́ẹ̀dì tí a tẹ́ fún un: "Kò dáa." Ó wo oúnjẹ: "Kò dáa." Ó wo èmi náà látòkè délẹ̀. Mi ò ní kọ ohun tó sọ síbí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Ó sunkún. Mo fi ẹnu fun fèrè bọ́ọ̀sì. Ó sunkún sí i.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Mo rí bàsíà onírin kan tó ti ń jò tipẹ́ lẹ́yìn ilé. Mo tún lu ihò díẹ̀ sí i nídìí kí omi má bàa dúró níbẹ̀, mo da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, mo bu erùpẹ̀ lé e. Adájọ́ ń sún mọ́ mi díẹ̀díẹ̀, bí adìẹ tó rí àgbàdo.

"Kí lẹ ń ṣe?"

Mo ní ìlú ni.

"Ìlú ta ni?"

Mo ní mi ò tíì mọ̀, wọn ò tíì fi ọba jẹ. Ó jókòó tì mí.

A ha ewédò lára ògiri balùwẹ̀, a fi ṣe pápá. A gbin ọmọ ata kan sí igun – ó di ìrókò. Dígí inú ike páńkéèkì ìyàwó mi di odò. Ìyàwó mi: Ìjọba. Kò mọ̀ pé orúkọ tí mo fún un nìyí, ṣùgbọ́n kò sí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí àṣẹ rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ gbera. "Àgbàlagbà tó ń fi erùpẹ̀ ṣeré. Ẹ kú iṣẹ́ o."

Kó kúkú rí i: Adájọ́ jẹun alẹ́ tán, ó tún lá ọwọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Títì. Mo la títì sí ìlú, pẹ̀lú ráńdábáòtù, nítorí ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wa bọ́ọ̀sì mọ ohun tí ìlú nílò. Páálí ìṣáná di bọ́ọ̀sì. Bọ́tìnnì di táyà. Adájọ́ fi ṣíbí ike tó ti kán jẹ ọba. Mo kí ọba. Ó ní mi ò kí i dáadáa, kí n tún un kí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Nǹkan ń ṣẹlẹ̀ o. Mo jí, mo bá aṣọ lórí okùn láàárín ìlú. Ṣòkòtò tí kò ju èékánná lọ. Wọ́n tilẹ̀ ṣẹ́ etí rẹ̀! Mo bi Adájọ́, ó ní òun kọ́. Mo bi Ìjọba. "Èmi? Èmi àti erùpẹ̀?" Abẹ́rẹ́ ṣì wà láyà aṣọ rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Ìjà. Okùn aṣọ Ìjọba dábùú títì mi. Mo ní kó ká aṣọ rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Ó ní kí n gba ibòmíràn. Mo ní níbo ni bọ́ọ̀sì ti ń gba ibòmíràn? Títí mo fi fẹ̀yìn tì, mi ò fi bọ́ọ̀sì já aṣọ ẹnikẹ́ni lórí okùn rí. Ó ní irọ́ ni, aṣọ ìyá òun ńkọ́, lọ́dún tí a ṣègbéyàwó? Ariwo ta. Mẹ́káníìkì ilé kejì yọrí lókè ògiri, ó rò pé iná ló ń jó wa.

Adájọ́ dá ẹjọ́: kí okùn lọ sókè, kí bọ́ọ̀sì máa rọra lọ, kí àwa méjèèjì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ṣíbí.

A tọrọ.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Ìjọba fi òwú ṣe ọmọ jòjòló, ó fi àkísà wé e, ó tẹ́ ẹ sínú èèpo ẹ̀pà. A gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba. Ọgbọ́n wa nìyẹn o, kí ọmọ lè mọ̀ pé àbúrò ń bọ̀.

"Ta ni èyí?"

"Ọmọ tuntun ni."

"Kò sáyè." Ó fi ìka méjì mú un bí ẹni mú aáyán, ó gbé e sórí búlọ́ọ̀kù níta bàsíà. "Ìlú ti kún."

Ṣíbí kan ṣoṣo ló ń gbébẹ̀!

Kó tó sùn, ó bi Ìjọba: "Tí ọmọ yẹn bá dé, ṣé màmá mi á ṣì rántí ibi tí mo wà?" Ìjọba ní ìyá rẹ̀ lè gbàgbé orúkọ ara rẹ̀, kò jẹ́ gbàgbé tirẹ̀. Adájọ́ kò dá ìyẹn lẹ́jọ́. Ó kọjú sí ògiri.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá

Ọmọ òwú ṣì wà lórí búlọ́ọ̀kù. Ìjọba bẹ̀bẹ̀. Mo bẹ̀bẹ̀. Ìlú ti kún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Adìẹ Mẹ́káníìkì fò wọ ìlú. Ìrókò wó. Ọba dorí kodò. Mo lé adìẹ yí ilé ká, pẹ̀lú orúnkún tí wọ́n ní kí n máa fi sinmi, sálúbàtà mi kan wọ inú ọgbà Mẹ́káníìkì lọ. Adájọ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ rẹ̀ nílé yìí. Ọlọ́run bù kún adìẹ náà – ṣùgbọ́n kó má padà wá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Òjò dé lójijì lọ́sàn-án. Èmi àti Ìjọba ń ká aṣọ – aṣọ gidi. Adájọ́ gba abẹ́ apá mi sáré jáde. Mo rò pé ọba ló fẹ́ lọ gbà là. Kò tilẹ̀ wo ọba. Orí búlọ́ọ̀kù ló lọ. Ó gbé ọmọ òwú tòun ti èèpo ẹ̀pà, ó kì í sínú aṣọ ara rẹ̀, ó tẹ̀ ba lé e bí àgbébọ̀. Ó wọlé, omi ń ṣàn lórí rẹ̀.

"Kò lè dá wà nínú òjò," ó ní, bí ẹni pé àwa la gbé e síta. "Kò tíì mọ ìrìn."

Ìjọba wọ kíṣìnnì lọ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ní èéfín ló kó sí òun lójú. Kò dáná rárá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ó bí! Ọkùnrin. Ara ìyá le, ara ọmọ le. Adájọ́ gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Màmá, ẹ má jẹ́ kó rìn kí n tó dé o."

Ọjọ́rú, ogúnjọ́

Bàbá rẹ̀ wá mú un. Adájọ́ ní òun àti bàsíà ló jọ ń lọ, kí àbúrò òun lè rí ìlú gbé. Bàbá rẹ̀ wo àga mọ́tò rẹ̀ tó mọ́ tónítóní. Ó wo ẹrẹ̀. Adájọ́ wo bàbá náà látòkè délẹ̀, lẹ́ẹ̀kan péré. Bàbá ṣílẹ̀kùn mọ́tò. Wọ́n fi bẹ́líìtì de bàsíà bí èrò ọkọ̀.

Ìjọba ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ilé á tún mọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. A mu tíì. Kò sẹ́ni tó bá ẹnìkejì jà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo jí, mi ò rí Ìjọba lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ̀yìn ilé ni mo bá a, lórí ìjókòó, ó ń bu erùpẹ̀ sínú ìkòkò tó tóbi jù nílé wa. Kò gbójú sókè.

"Ẹ má kàn dúró bí òpó iná," ó ní. "Ẹ lọ ṣa òkúta wá."