Kánfáàsì Màmá Mi Kì Í Dọ̀tí

Aago méje ku ogún ìṣẹ́jú, àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá, ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí màmá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí orúkọ mi hàn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni, mi ò tíì ríṣẹ́, èmi àti màmá la jọ ń gbé ní Ore. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, wọ́n sì ní àtọ̀gbẹ. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n máa rìn kánmọ́kánmọ́ láràárọ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fẹsẹ̀ lásán rìn, torí ẹsẹ̀ wọn kì í mọ ìrora dáadáa mọ́. Ni mo bá ra kánfáàsì funfun fún wọn.

Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ Ajé yẹn, gbogbo àdúgbò di ẹrẹ̀ pupa... màmá wọlé, kánfáàsì mọ́ tónítóní! Wọ́n ní ọ̀nà Ajue làwọn rìn. Ọ̀nà Ajue wo ni kò lẹ́rẹ̀? Kí ló sì wà nínú báàgì tí wọ́n máa ń gbé dání? Ṣé ọkùnrin ni? Bàbá mi ti kú, mi ò ní bínú... àbí màá bínú? Mi ò mọ̀.

Ní Ọjọ́rú, mo tẹ̀ lé wọn. Ilé àdúrà wa tó wà létí títì ọlọ́dà iwájú ilé wa ni wọ́n yà sí. Wọ́n bọ́ kánfáàsì, wọ́n yọ sùtánà nínú báàgì, àwọn àti àwọn ìyá ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọgbà po, orin lẹ́nu, àtẹ́wọ́ lọ́wọ́, wọ́n ń yára jù mí lọ! Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ lásán ni, torí a kì í wọ bàtà sí sùtánà. Nígbà tí wọ́n jókòó láti nu ẹsẹ̀, mo rí egbò lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, ó ń ṣomi, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mo sáré jáde níbi tí mo fara pamọ́ sí. Wọ́n wojú mi, wọ́n ní, “Ṣé olè ni mí tí o fi ń ṣọ́ mi? Ilẹ̀ mímọ́ kì í pani lára, jàre.” Wọn ò fẹ́ fi egbò náà han nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní bí ẹ̀gbọ́n mi tó wà l’Ékòó bá gbọ́, kò ní jẹ́ káwọn jáde mọ́. Òótọ́ sì ni, mo mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ìrìn yìí ló jẹ́ kí ṣúgà wọn wálẹ̀, orin yẹn ló ń gbé wọn dìde láràárọ̀.

Ní báyìí, ìbọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀ sùn. Kí ni wọ́n ń fi pa mọ́ fún mi? Ṣé kí n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, kí ìrìn náà dópin? Ṣé kí n tọ wòlíì ìjọ wa lọ lẹ́yìn wọn, kó pàṣẹ pé kí wọ́n máa wọ bàtà? Tí wọ́n bá wá mọ̀ pé èmi ni ńkọ́? Ẹ̀yin ìyá tó ń ka èyí, ọ̀rọ̀ ta lẹ máa gbà lórí ẹsẹ̀ ara yín?