Hóró Oògùn Méjìdínlọ́gbọ̀n Tí Mo Gbé Mì Fún Ìyàwó Mi

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ọmọ rẹ kan ṣoṣo ńkọ́, iṣẹ́ ọ́fíìsì ńkọ́, àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́rin tí ẹ ń gùn lójoojúmọ́ ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ ṣì ń gbà á? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yẹ̀ lórí rẹ̀. Àwa náà wà lálàáfíà. Mo mọ̀ pé bí o ṣe rí “ọmọ mi” lókè yìí, wàá ti máa rẹ́rìn-ín, wàá ní ṣebí o fi oṣù mẹ́ta jù mí lọ, ṣebí o nà mí nígbà tí a jọ wà ní kíláàsì kẹta. Lóòótọ́ ni o nà mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ló bí ọ, ẹ̀gbọ́n mi sì ti lọ, èmi àbúrò rẹ̀ ni bàbá tó kù fún ọ, ì báà jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mí. Nítorí náà, fara balẹ̀ kí o ka lẹ́tà bàbá rẹ.

Mo rí iṣẹ́ tí o rán sí mi lórí fóònù, pé kí n jọ̀ọ́ kí n tètè pa ohun tí mo kọ síbẹ̀ rẹ́ kí ọ̀gá yín tó rí i. Mi ò tíì pa á rẹ́, mi ò sì rí ìdí tí mo fi gbọ́dọ̀ pa á rẹ́. Lẹ́tà ni mo fi ń dá ọ lóhùn nítorí ọ̀rọ̀ náà gùn, ìka mi sì tóbi ju àwọn álífábẹ́ẹ̀tì inú fóònù lọ. Jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ sọ ọ́.

O rántí pé nígbà tí ìyàwó mi bí àwọn ìbejì, ẹ̀jẹ̀ tó dà lára rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ. Èmi tí ayùn ti gé ní ìka rí tí mi ò sunkún, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìgbẹ̀bí lọ́jọ́ yẹn, mo ń sunkún bí ọmọdé. Nígbà tí wọ́n ní kó máa bọ̀ nílé, nọ́ọ̀sì àgbà pè wá jọ, ó ní ọmọ mẹ́rin ti pé, ara yìí fẹ́ sinmi, ó ní bí oyún mìíràn bá dé láàárín ọdún méjì, òun kò lè ṣèlérí ohunkóhun. Láti ọjọ́ náà ni ìyàwó mi ti kó ẹní rẹ̀ àti àwọn ìbejì lọ sí pálọ̀. Ó ní òun kò bá mi jà, ó ní òun fẹ́ràn mi, ṣùgbọ́n òun fẹ́ràn ẹ̀mí òun náà, àti pé títí òun yóò fi rí ọ̀nà ìfètòsọ́mọbíbí tó bá òun lára mu, kí n máa gbádùn bẹ́ẹ̀dì mi. Bẹ́ẹ̀dì ọ̀hún, èmi ni mo kàn án, ènìyàn méjì ni mo sì wọ̀n ọ́n fún. Oṣù márùn-ún ni mo fi dá nìkan sùn lórí rẹ̀ bí àga tí oníbàárà sanwó rẹ̀ tán tí kò wá gbé.

Nígbà tí àwọn ìbejì pé oṣù mẹ́rin, a jọ lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí wọ́n ní kí ọkọ wá. Akọ̀wé tó wà lẹ́yìn tábìlì kò wo ìyàwó mi rárá, èmi ló na fọ́ọ̀mù sí. Wọ́n béèrè orúkọ olórí ilé, mo kọ tèmi. Wọ́n béèrè ọjọ́ orí, mo kọ tèmi. Wọ́n béèrè bóyá à ń fún ọmọ lọ́mú lọ́wọ́, mo ronú sí i, mo kọ rárá. Wọ́n béèrè bí ìbímọ tó kẹ́yìn ṣe rí lára, mo kọ pé àyà mi já, ṣùgbọ́n ó ti ń balẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n ní kí ọkọ buwọ́ lù ú pé òun fara mọ́ ọn. Mo buwọ́ lù ú. Akọ̀wé kò ka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, ó lu òǹtẹ̀ gbàmù, ó ní gbogbo rẹ̀ ti pé. Nọ́ọ̀sì àgbà kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó dúró fún un gbé páálí oògùn kan fún wa, hóró méjìdínlọ́gbọ̀n, ìlà mẹ́rin, méje méje, ó ní ọ̀kan lójúmọ́, àkókò kan náà, kò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan, ó sì pe ẹni tó kàn wọlé.

Ọmọ mi, ìwọ náà rò ó wò. Láti ọjọ́ tí mo ti parí iṣẹ́ kíkọ́ tí mo sì dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀, òfin kan ni mo ń tẹ̀ lé: iṣẹ́ tí mo bá buwọ́ lù, èmi ni mò ń ṣe é. Mi ò kì í buwọ́ lu kọ́bọ́ọ̀dù kí n wá gbé e fún káfíńtà ẹlòmíì. Ìyàwó mi ti gbé oyún ọmọ mẹ́rin, ó ti rọbí, ẹ̀jẹ̀ ti dà lára rẹ̀. Ṣé èmi tí mo buwọ́ lùwé ni yóò wá jókòó kí òun tún máa gbé oògùn mì? Yàtọ̀ sí ìyẹn, oorun kò jẹ́ kó rántí nǹkan mọ́. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ó wá ọ̀kan nínú àwọn ìbejì káàkiri ilé, ó dé ẹ̀yìnkùlé, ó dé ilé aránṣọ tó wà lódìkejì wa, ọmọ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń jẹ ìka. Ẹni báyìí kọ́ ló yẹ ká fi oògùn ojoojúmọ́ lé lọ́wọ́.

Bí mo ṣe mú páálí náà kúrò lórí kọ́bọ́ọ̀dù nìyẹn, mo fi í sínú àpótí irinṣẹ́ mi, láàárín téèpù àti òòlù kékeré. Láràárọ̀, bí aago ilé ìwé bá ti dún, màá gbé ọ̀kan mì, màá mu omi lé e. Mi ò sọ fún un, nítorí mo fẹ́ kó yà á lẹ́nu. Orí fọ́ mi díẹ̀ lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo ní a dúpẹ́, ó ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò mọ̀ pé ìyàwó mi ń wá páálí náà nílé. Ó gbà pé ọmọ wa kẹta ló jù ú sínú ilé ìgbẹ́, bó ṣe ju ṣíbí síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ó bi ọmọ náà, ọmọ náà sì jẹ́wọ́, nítorí ohunkóhun tí ẹ bá bi í ló máa ń jẹ́wọ́. Ojú wá ń ti ìyàwó mi láti padà lọ gba òmíràn.

Nígbà tó ku ìlà kan, mo fẹ́ mọ ọjọ́ tí agbára rẹ̀ yóò pé. Mo tan fóònù tí o fi ránṣẹ́ sí mi, mo wá dókítà obìnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo kí i, kò dáhùn, mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ fún un, mo sì fi orí jì í. Ó ń ṣàlàyé pé ohun tó bá ara ẹnìkan mu lè má bá ti ẹlòmíì mu, kí abiyamọ má wo ti aládùúgbò rẹ̀. Mo ní òótọ́ ni. Ó wá ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè kọ ọ́ sísàlẹ̀. Mo kọ ọ́. Mo kọ pé káfíńtà ni mí, pé mo ti gbé hóró mọ́kànlélógún mì fún ìyàwó mi láìfo ọjọ́ kan, pé ọjọ́ wo ni kó kó ẹní rẹ̀ padà. Kí wọ́n má baà pè mí ní èké, mo kọ orúkọ rẹ àti ti ọ́fíìsì yín, àjà kẹrin, pé kí wọ́n béèrè ìwà mi lọ́wọ́ ọmọ mi.

Kí ọjọ́ méjì tó pé, nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn ti fi ojú ẹ̀rín ránṣẹ́ sí mi. Mi ò mọ̀ pé àwọn ará ìlú ńlá máa ń bá ènìyàn yọ̀ tó báyẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ìka mi fi wú. Obìnrin kan ní kí n wá bá òun náà gbé tòun mì, mo dá a lóhùn pé ọkọ rẹ̀ ni kó bẹ̀. Ẹnìkan béèrè bóyá ọmú mi ti ń yọ, mo wò ó dáadáa, mo fèsì pé kò tíì sí. Dókítà náà kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, pé bàbá, kí n jọ̀ọ́, kí n mú ìyàwó mi lọ sí ilé ìwòsàn lónìí. Mo rò pé ó fẹ́ ká tètè gba páálí tó kàn ni.

Lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, mo ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, mo wọ pálọ̀, mo gbé páálí òfìfo sókè, mo ní kó máa ká ẹní rẹ̀ bọ̀. Ó wo páálí, ó wò mí. Ó béèrè ẹni tó jẹ ẹ́. Mo ní èmi ni, gbogbo rẹ̀, láìku ẹyọ kan. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó ń lu orúnkún, àwọn ìbejì náà bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà dúró, omijé ló kù. Ó ní ká ní òun gbọ́ tèmi lónìí, ká ní òun ká ẹní òun wọlé láìbéèrè, tí oyún sì gbé òun lọ, ta ni ìbá bá òun tọ́ àwọn mẹ́rin yìí? O mọ̀ mí, kò sí ohun tí mi ò lè bá ènìyàn jiyàn lé lórí. Lọ́jọ́ yẹn, mo kàn gbé páálí náà lé e lọ́wọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé páálí òfìfo náà sórí tábìlì nọ́ọ̀sì àgbà. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìbuwọ́lùwé. Nọ́ọ̀sì bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú, ó bi mí bóyá mo rí nǹkan oṣù mi lóṣù tó kọjá. Mo ní rárá. Ó ní ó kú oríire, oògùn ti jẹ́. Àwọn ìyá ọlọ́mọ tó wà lórí bẹ́ǹṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ọ̀kan nínú wọn gbé ọmọ tirẹ̀ pọ̀n sí mi lẹ́yìn, ó ní níwọ̀n ìgbà tí mo ti di ọ̀kan nínú wọn, kí n bá òun gbé e díẹ̀. Nọ́ọ̀sì wá fọ́ọ̀mù mi jáde, ó kà á sókè, ó ya á sí méjì, ó mú tuntun, ó sì kọjú sí ìyàwó mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bi í ní ìbéèrè, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dáhùn. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun wo ìlẹ̀kùn yẹn, ó ti ń dún fún ọdún kan. Lóòótọ́ ni kò dára, ìṣó kan ṣoṣo ló so ó ró. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe, ọmọ ọlọ́mọ lẹ́yìn mi, etí mi nínú ilé.

Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá rẹ̀, ó kó gbogbo ohun ìfètòsọ́mọbíbí tí wọ́n ní sórí tábìlì. Ìyàwó mi ní hóró ojoojúmọ́ kò lè bá òun mu, òun kò tilẹ̀ mọ orúkọ ọjọ́ tí a wà. Wọ́n fi wáyà kékeré tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ hàn án, nọ́ọ̀sì ní bàbà ni, ó lè mú kí nǹkan oṣù pọ̀ sí i, ìyàwó mi ní ẹ̀jẹ̀ tí òun ti rí ti tó. Ti abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ó ní ọ̀nà jìn. Èyí tó kàn ni igi tínrín kan, kò ju igi ìṣáná lọ, tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá, ọdún mẹ́ta ni, kò dí ọmú lọ́wọ́, ọjọ́ tí obìnrin bá fẹ́ ni wọ́n sì lè yọ ọ́. Ìyàwó mi ní òun fẹ́ ìyẹn. Nọ́ọ̀sì tún dárúkọ iṣẹ́ abẹ kékeré tí wọ́n ń ṣe fún ọkùnrin. Mo kígbe látẹnu ìlẹ̀kùn pé mo gbà, lónìí, kí wọ́n mú ìwé wá. Ìyàwó mi ní ìyẹn kì í ṣe ohun tí a ń yí padà bọ̀rọ̀, ó ní àwa méjèèjì la máa jókòó sọ ọ́ nígbà tí àwọn ìbejì bá rìn, òun kò fẹ́ kí ojú tó ń tì mí lónìí buwọ́ lu ohunkóhun.

Òun fúnra rẹ̀ ló buwọ́ lùwé. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa, mi ò tíì rí i kó kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ó rọra kọ ọ́, orúkọ náà nàró gbọọrọ. Ìlà kan wà nísàlẹ̀ fún ọkọ, nọ́ọ̀sì fi rúlà fa á kọjá. Mo fẹ́ jiyàn, ṣùgbọ́n ìṣó wà lẹ́nu mi.

Wọ́n ní ká dúró fún ọjọ́ méje kó tó múlẹ̀. Èyí yé mi, àtè pákó náà kì í gbẹ lójú ẹsẹ̀. Ìjẹta ló pé. Ìyàwó mi ká ẹní rẹ̀ wọlé, ó sì gbé ìbejì méjèèjì lọ́wọ́ wọlé, ó tẹ́ wọn sáàárín bẹ́ẹ̀dì. Ẹsẹ̀ ọ̀kan wà lẹ́nu mi. Mo ní nọ́ọ̀sì gbàgbé láti kó ọ̀nà yìí sórí tábìlì, òun ló sì lágbára jù. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí mo ti gbàgbé pé ó ní.

Nítorí náà, mo fẹ́ kí o fi owó pákó díẹ̀ ránṣẹ́, ohun tí apá rẹ bá ká, kí n fẹ bẹ́ẹ̀dì náà lójú. Fi bọ́ọ̀lù kan kún un fún ọmọ wa kẹta, ó jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe. Màá pa ohun tí mo kọ sínú fóònù rẹ́, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ sọ fún àwọn ọ̀ọ́dúnrún náà bó ṣe parí, wọ́n ń retí mi.

Tẹ́lẹ̀, ìbejì àti ìbẹta ni mo máa ń fi parí àdúrà fún ọ. Mo ti yí i padà. Ọlọ́run yóò fún ọ ní iye ọmọ tí o bá fẹ́, ní àkókò tí ara rẹ bá gbà á, ọwọ́ ara rẹ ni wàá sì fi buwọ́ lù ú. Bá mi kí ọkọ rẹ. Sọ fún un pé bó bá rí páálí oògùn rẹ lórí kọ́bọ́ọ̀dù, kó fi í síbẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ kékeré,
Káfíńtà.